Ẹni Tó Bá Kúnlẹ̀, Á Dìde Sọ̀rọ̀

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ìlọrin ni mo sì ń sọ o, níbi tí ọmọbìnrin ti ń mọ ìkúnlẹ̀ kó tó mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ owó ni ẹgbẹ́ náà: akáúntáǹtì, ọ̀dítọ̀, òṣìṣẹ́ báńkì, àti àwọn méjì kan tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò owó ní yunifásítì. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù la máa ń pàdé ní pálọ̀ akọ̀wé wa ní Tanke. A ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó jẹ másà, a ó sì dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ara wa. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fayé ni lára, a ó bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, a ó bá a wá ìwé. Ẹni tí ipò ńlá ṣí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé òun ò tíì tó bẹ́ẹ̀, a ó bá a jà.

Ààrẹ wa ló fi òfin àìkúnlẹ̀ yẹn lélẹ̀. Àlàájà kan báyìí ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ní kí ilé dákẹ́, àní fáànù òkè á fẹ́ dákẹ́. Ó ní tí a bá ń kúnlẹ̀ fún ara wa nínú ìpàdé, ẹni tó kéré ò ní lè sọ fún ẹni tó dàgbà pé ìṣirò rẹ̀ ò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún wa lé lórí nìyẹn. Torí náà, tí o bá ti wọlé, bọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, wò ó lójú, kí o wá ibi jókòó sí.

Ẹni tó bá gbàgbé tó kúnlẹ̀ kì í san owó ìtanràn. Ì bá ṣe pé owó ni, tẹ̀rín-tẹ̀rín là bá máa fi san án. Ohun tí Ààrẹ máa ń ṣe ni pé á na ìka kan sókè, kò ní sọ nǹkan kan, ìwọ náà á dìde dúró láàárín pálọ̀, o ó sì sọ ohun mẹ́ta tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe tó dára lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí "Ọlọ́run ló ṣe é" níbẹ̀. Kò sí "a kàn ń gbìyànjú ni." Ààrẹ ní Ọlọ́run mọ iṣẹ́ Rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá A dù ú, tìẹ ni kí o sọ.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú yìí lè rò pé ìyà kékeré nìyẹn. Nílé wa ní Gàmbàrí, tí o bá ní ọbẹ̀ tí o sè dùn, wọ́n á bi ọ́ bóyá ìwọ lo dá iyọ̀. Àtikékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹlòmíràn ló ń yin èèyàn, pé ẹni tó bá ń yin ara rẹ̀ ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Mo ti rí obìnrin kan, ọ̀dítọ̀ tí àwọn máníjà báńkì ń sá fún, tó dìde láti sọ ohun mẹ́ta tirẹ̀, tó sọ ọ̀kan, tó sì ní òun fẹ́ lọ ṣe tọ́ọ̀lẹ̀tì. Kò padà wọlé títí a fi túká.

Èmi ni mo jẹ ìyà yẹn jù nínú ẹgbẹ́. Orúnkún mi kì í gbọ́ tèmi. Tó bá ti rí irun funfun báyìí, ilẹ̀ ló kàn. Ìyá mi ló kọ́ ọ. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní kéwú nínú àgbàlá wa, kì í sì í dáhùn ẹni tó bá dúró kí i. Á kàn máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò, títí onítọ̀hún á fi mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ọwọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo ti jáde, tí mo wá ń lọ sí Tanke tí wọ́n ní kí n máa bọ àgbà lọ́wọ́. Oṣù kan ò lè lọ kí n má kúnlẹ̀ fún ẹnì kan, Ààrẹ á sì na ìka. Ohun mẹ́ta kan náà ni mo máa ń sọ, torí pé ìtìjú kì í jẹ́ kí n wá òmíràn. Èkíní, pé ìwé ìṣirò ẹ̀ka wa kan ti dàrú kí n tó débẹ̀, èmi ni mo tún un tò tó fi dúró. Èkejì, pé láti ìgbà tí mo ti ń bójú tó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, kò pẹ́ rí. Ẹ̀kẹta, pé àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá níbòmíràn. Nígbà tó yá, gbogbo pálọ̀ ló ń bá mi kà á bí ọmọ ilé-kéwú. Akọ̀wé ní òun ti ń fi í rẹ ọmọ òun lẹ́kún.

Ìyá mi ò fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà rárá. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ òfin wa, ó bi mí bóyá a kì í kírun ni. Látìgbà náà ló ti sọ wá ní Ẹgbẹ́ Aláìkúnlẹ̀, tó bá sì di Sátidé ìparí oṣù, tí mo bá gba Gàmbàrí kọjá láti kí i, á ní kí n bá òun kí àwọn onígbèéraga o.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó ni ilé iṣẹ́ wa, a ní ẹ̀ka káàkiri Kwara, ṣùgbọ́n Àbújá ni àwọn àgbà ọ̀gá wà. Ọkùnrin tó ń ṣe olórí ìṣúná fún gbogbo ẹ̀ka Kwara gba iṣẹ́ síbòmíràn, wọ́n sì ní kí n ṣe adelé rẹ̀. Ẹ ò mọ adelé. Adelé ni ẹni tó ń jókòó sórí àga tí kò lè gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì. Gbogbo iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Tí nǹkan bá bàjẹ́, èmi ni, tó bá dára, "ẹ̀ka Kwara ṣe dáadáa." Ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rò pé wọ́n ti gbàgbé mi síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé àwọn fẹ́ fi èèyàn sípò náà tààrà, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, gbogbo ọ́fíìsì ló ti ń sọ ọ́ pé ọmọkùnrin kan wà ní Àbújá tí wọ́n ti wọn àga náà fún. Inú bí mi. Mo dé ìpàdé ẹgbẹ́, mo ní mi ò lọ. Mo ní tí iṣẹ́ tí mo ti ṣe látọjọ́ yìí ò bá sọ̀rọ̀ fún mi, ẹnu mi ò lè sọ jù ú lọ. Mo ṣe agídí díẹ̀, mi ò purọ́. Àwọn kan ti ń mi orí pé òótọ́ ni.

Ààrẹ ò mi orí. Ó ní, "Tí o ò bá lọ, ìwọ náà ni wọ́n máa ní kí o kọ́ ẹni tí wọ́n bá mú wá. O máa kọ́ ọ. O sì máa kọ́ ọ dáadáa, torí bí o ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá ń kí i kú oríire, ìwọ lo máa pín ẹran ṣùúyà fún àlejò. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ohùn tó fi sọ ọ́ le ju ohun tí mo sọ lọ. Mo rò pé orí rẹ̀ ló kàn gbóná, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra. Mo ní ó dáa, mo máa lọ.

Bí wọ́n ṣe gbé mi sórí tábìlì nìyẹn o. Ẹni tí kò bá tíì rí ọ̀pọ̀ ọ̀dítọ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo ò tíì rí nǹkan. Wọ́n yẹ hijáàbù mi wò. Wọ́n yẹ ẹ̀rín mi wò, wọ́n ní ó gùn jù. Wọ́n ní mo máa ń sọ "mo rò pé" ṣáájú ohun tó dá mi lójú. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń kọ orin ìyìn nígbà tó bá ń ṣe ìṣirò, ní tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè, kí n kọ́kọ́ mí. Ẹlòmíràn ní kí n má mí, wọ́n á rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí èémí mi jà. Ohun tí gbogbo wọn wá fẹnu kò lé lórí ni pé tó bá di ibi tí mo ti máa sọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, ìtìjú ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́. Òótọ́ sì ni. Tí wọn ò bá na ìka, ẹnu mi kì í là.

Orí kọ̀ǹpútà la ti máa ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Nílé mi ní Adéwọlé, iná ò ṣeé fọkàn tán. Akọ̀wé wá ní kí n wá sí Tanke, pé òun ní ínfátà, nẹ́tíwọ̀kì sì ń lọ geere níbẹ̀ nítorí àwọn ọmọ yunifásítì. Ààrẹ ní òun náà ń bọ̀, pé òun kàn fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má pariwo wọlé ni. Nígbà tí mo dé, ó ti gbé àga kalẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí mi. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo òun. Ó ní kí n jókòó, kí n fi í sílẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ló jáde lójú kọ̀ǹpútà: obìnrin kan, ọkùnrin kan tí kò dàgbà púpọ̀, àti bàbá kan láàárín tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Mo kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, mo jókòó dáadáa, mo wo ojú kámẹ́rà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Gbogbo nǹkan ń lọ déédé. Àfi bí bàbá yìí ṣe wo ìwé iwájú rẹ̀, tó rí Ìlọrin, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì fi Yorùbá kí mi: ó ní òun kí gbogbo ará Ìlọrin o, ṣé àlàáfíà ni?

Mo kúnlẹ̀.

Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ti ń sọ lábẹ́ tábìlì pé àlàáfíà ni o, bàbá, ẹ ṣeun, àlùbáríkà yín. Mo ń gbọ́ ọkùnrin kejì lókè tó ń sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ̀kì Ìlọrin ti gbé mi lọ. Obìnrin yẹn ní rárá, pálọ̀ ṣì wà, èèyàn inú rẹ̀ ni òun ò rí.

Mo gbójú sókè, mo rí Ààrẹ. Ojú rẹ̀ ti yọ síta. Ọwọ́ rẹ̀ sì ti na sókè, ìka kan ló yọ. Òun náà ò mọ̀ pé òun na ìka; ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dúró gba ìmọ̀ràn mọ́. Èmi náà ò ro nǹkan kan. Mo rí ìka, mo dìde dúró gbọn-in, mo sì kà á: pé ìwé ẹ̀ka kan dàrú, èmi ni mo tún un tò tó fi dúró, pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ò pẹ́ rí lọ́wọ́ mi, pé àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá níbòmíràn. Mi ò sọ "mo rò pé." Mi ò dárúkọ Ọlọ́run. Mi ò mí.

Ìgbà tí mo parí ni mo tó rántí ibi tí mo wà. Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ò sì ga. Láti àyà mi dé ìbàdí ni àwọn èèyàn Àbújá ń rí, ikùn kan ló ń ròyìn iṣẹ́ fún wọn. Bàbá onírùngbọ̀n ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, kí àwọn lè rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo jókòó. Ó bi mí níbi tí mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní mo kúnlẹ̀ kí wọn ni, pé nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá kúnlẹ̀ á dìde sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ka wo ni ìwé rẹ̀ dàrú? Báwo ni mo ṣe tún un tò? Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni wọ́n ń bi mí, mo gbàgbé ìtìjú.

Nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, Ààrẹ di orí mú. Ó ní ìka òun ni, ìka òun ló bà á jẹ́. Mo ní orúnkún mi ló ṣáájú. A jókòó síbẹ̀ bí aláìsàn méjì, akọ̀wé gbé másà tó ti tutù wá, a jẹ ẹ́.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pè mí. Bàbá yẹn fúnra rẹ̀ ló pè. Ó ní èmi ni. Ó ní kí n kí àwọn tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dìde sọ̀rọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo sunkún díẹ̀, mo sì gbé fọ́tò àwọn ọmọ mi sórí tábìlì kí n tó tún ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní alhamdulillahi, ó ṣe àdúà gígùn, ó wá bi mí ta ni sábàbí. Mo ní ẹgbẹ́ ni. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún bí ẹ̀gún. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í jẹ oore mọ́ olóore lára, ìbáà ṣe onígbèéraga. Ó ní òun máa bá mi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, èmi àti ìyá mi wọ kẹ̀kẹ́ láti Gàmbàrí, abọ́ wàrà ńlá lórí itan mi. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní àwọn obìnrin yìí ò ní kúnlẹ̀ o, òfin ni, kí ó má bínú. Mo sọ fún un pé tí ẹnikẹ́ni bá kúnlẹ̀, dandan ni kó sọ ohun mẹ́ta tó ṣe. Mi ò rántí dárúkọ ìka fún un. Ó ní òun ti rí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n mú omi wàrà yẹn kúrò lára aṣọ òun.

Ó wọlé, ó sálámà. Gbogbo wọn dìde. Ẹ wá wo àwọn obìnrin tó ń bá àwọn alágbára wí: ọ̀kan na ọwọ́ síwájú láti bọ̀ ọ́, ó wo ojú ìyá mi, ó fi ọwọ́ náà tún hijáàbù ṣe. Ìyá mi dúró, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń retí òjò. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ la.

Ààrẹ wá jáde láàárín wọn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà síwájú bí òfin ṣe wí. Ó rìn títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwa ń wò ó. Orúnkún kan tẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, Ààrẹ wa sì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

Ìyá mi dá a lóhùn pẹ̀lú àdúà. Ibẹ̀ ni akọ̀wé, ọmọ burúkú, ti rọra na ìka kan sókè. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ na tirẹ̀. Gbogbo pálọ̀ na ìka. Ìyá mi wò yíká, ó rò pé wọ́n ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ni, inú rẹ̀ dùn, ó na tirẹ̀ náà.

Ààrẹ ò jẹ irú ìyà yìí rí. Ó ní kí a kọ́kọ́ fún àlejò lómi. A kọ̀. Ó ní òun ló ṣe òfin. A ní a mọ̀. Ó di apá àga mú, ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún. A ti ń rẹ́rìn-ín kó tó lanu.

Ó ní, "Mo dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀."

A pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Mo ṣe adelé ọ̀gá níbi iṣẹ́ mi, ó pẹ́ gan-an. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá, wọ́n fi í lé mi lórí, wọ́n ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kọ́ ọ. Mi ò fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Ọ̀gá rere ló dà."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Látọjọ́ tí a ti ń pàdé, kò sọ ọ́ fún wa rí, a kàn mọ̀ pé ó fẹ̀yìn tì ni. Mo wá rántí ohùn tó fi bá mi wí lọ́jọ́ tí mo ní mi ò lọ, mo rántí ọ̀rọ̀ ẹran ṣùúyà yẹn. Ó dùn mí wọra. Ààrẹ ń wo ilẹ̀, àwa náà ń wo másà bí ẹni tí kò rí másà rí. Ó ti fẹ́ jókòó.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ kéwú kì í jẹ́ kí èèyàn dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín. Ìyá mi ní, "Ó ku ẹyọ kan."

Ààrẹ gbójú sókè. Ó wo ìyá mi, ó sì nawọ́ sí mi. "Ẹ̀kẹta ni ẹni tó gbé abọ́ wàrà dání yẹn, Màmá."

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń wo wàláà ọmọ kéwú láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ tọ̀nà. Ó wá yí padà sí Ààrẹ, ó ní ó pé mẹ́ta, kó jókòó sinmi orúnkún rẹ̀.